Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Ìjọ Nínú Ìtàn Ilé-Ìwé Àgùdà l'Ékòó

Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé bá ń pìtàn ilé-ìwé ìjọ Kátólíìkì nílẹ̀ Yorùbá, àwọn fadá òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń fi ṣíwájú: ọdún tí wọ́n gúnlẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n gbà, ilé tí wọ́n kọ́. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ẹ̀yìn síwájú. Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ ìjọ Holy Cross ní Èkó wò dáadáa, a ó rí i pé àwọn ọmọ ìjọ ti ní ìgbàgbọ́ àti ìlànà àdúrà kí fadá kankan tó wá gbé láàrin wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgbàgbọ́ yẹn, àti ohun tí àwọn òbí ń fẹ́ fún ọmọ wọn, ló pinnu ohun tí ilé-ìwé ìjọ náà ń kọ́ni, ju àṣẹ láti Lyon, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn fadá náà ti bẹ̀rẹ̀, tàbí láti Rome lọ.

Àwọn Àgùdà, tí àwọn kan ń pè ní Àmárò, ni àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Kúbà, tí àwọn fúnra wọn tàbí ọmọ wọn gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wá tẹ̀dó sí Èkó. Ìpadàbọ̀ yìí gbóná sí i lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní Bahia lọ́dún 1835, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ wá ń fojú burúkú wo gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti dòmìnira. Wọ́n kọ́lé sí Pópó Àgùdà, lágbègbè Campos àti òpópó Bámgbóṣé. Bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ àti oníṣòwò pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí Francesco Borghero, fadá ọmọ Ítálì láti inú ẹgbẹ́ Society of African Missions (SMA) tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon lọ́dún 1856, gba Dàhọ̀mì wá sí Èkó lọ́dún 1863, kò bá ilẹ̀ òfìfo. Ó bá àwùjọ onígbàgbọ́ tí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio ń darí. Ọkùnrin yìí kì í ṣe àlùfáà. Ẹrú ni tẹ́lẹ̀ rí, Bahia ló sì ti kọ́ àdúrà àti ìlànà ìjọ. Òun ló ń kó ènìyàn jọ fún àdúrà, tó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, tó sì ń sin òkú wọn. Ọdún 1868 ni Fadá Pierre Bouche tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Ìjọ ti wà nílẹ̀ kí olùṣọ́ tó dé.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀sìn Àgùdà kò ju àmì ẹgbẹ́ lọ: pé orúkọ ìrìbọmi àti aṣọ òyìnbó ni wọ́n fi ń ya ara wọn sọ́tọ̀, nígbà tí òrìṣà ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé wọn. Àtakò yìí wúwo, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òtítọ́ ni pé olórìṣà àti Mùsùlùmí wà láàrin wọn, mọ̀lẹ́bí kan náà sì lè ní ẹ̀sìn méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹ̀sìn ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán kì í gbé e pa mọ́ fún ọdún gbọọrọ láìsí àlùfáà tó ń ṣọ́ ọ. Rósárì tí wọ́n ń kà, ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n ń ṣe, àti eré oníbòjú Kàrẹ́tà tí ó ń jáde ní àsìkò Kérésìmesì àti Àjíǹde, inú ilé ni ọmọ ti ń bá wọn. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni katikísìmù ilé-ìwé dúró lé. Ẹ̀rí tó sì lágbára jù ni ti èdè: ọmọ Faransé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn fadá náà, síbẹ̀ èdè Potogí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Kì í ṣe èdè àwọn fadá, kì í sì í ṣe ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó lọ́dún 1861. Èdè àwọn òbí ni.

Ẹni tí kò bá gba èyí yóò tọ́ka sí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882, tó so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì ní ìjọba ló lé Potogí jáde kúrò ní kíláàsì, òbí kọ́. Mo gbà pé owó náà ṣe pàtàkì. Àwọn SMA ti ń wá ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí òfin náà tó jáde. Ní ìparí àwọn ọdún 1870 ni wọ́n ti lọ dá ilé sílẹ̀ ní Cork, ní Ireland. Ṣùgbọ́n kí ló mú kí àwọn ọmọ Àgùdà gba ìyípadà náà? Òwò pẹ̀lú Bahia ń rọlẹ̀, iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba àti ilé ìṣòwò sì ń pọ̀ sí i. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó padà wá láti Sierra Leone, tí CMS Grammar School ti ìjọ Áńgílíkà ti ń kọ́ láti ọdún 1859, ni wọ́n ń rí iṣẹ́ náà gbà. Òbí tó fẹ́ Potogí lánàá ni ó wá fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìwé sì tẹ̀lé e. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Yorùbá, tí kò rí àyè tó tọ́ sí i nínú ìjíròrò èdè méjèèjì. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú CMS ń fi Yorùbá kọ ìwé lórí ìwé, ìjọ Àgùdà lọ́ra, àdánù ńlá sì ni lójú mi.

Kì í ṣe ìwé kíkà nìkan ni iṣẹ́ náà. Láti àwọn ọdún 1870 ni àwọn sísítà ti ń kọ́ ọmọbìnrin ní Èkó, oko ìjọ ní Tòpó nítòsí Àgbádárìgì sì ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà, Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross ìgbà náà. Nígbà tí ilé-ìwé girama Kátólíìkì St. Gregory's College bẹ̀rẹ̀ ní Obáléndé lọ́dún 1928, àwọn ìdílé tó ti mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ ti wà nílẹ̀ láti kó ọmọ wọn wá.

Àtakò tó le jù sí ọ̀rọ̀ pé òbí ló ń darí ilé-ìwé ni ti owó. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọ. Lọ́dún 1980, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Lateef Jakande fẹ́ pa ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni rẹ́ pátápátá. Ìdí rẹ̀ kò ṣeé gàn: ọmọ tálákà ní ẹ̀tọ́ sí kíláàsì, owó ilé-ìwé sì ń tì í síta. Ìjọ tó bá ń sọ pé àwọn òbí ló nilé-ìwé gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè nípa òbí tí kò lówó. Ìdáhùn mi ni pé ẹ̀tọ́ ọmọ tálákà sí ẹ̀kọ́ kò ní kí ìjọba nìkan máa kọ́ ọ. Ìjọba lè sanwó láìgba kọ́kọ́rọ́. Ìwé tí Àpérò Vatican Kejì gbé jáde lórí ẹ̀kọ́ ní 1965 fi òbí ṣe olùkọ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ, ó sì rọ ìjọba láti pín owó ẹ̀kọ́ kí òbí lè yan ilé-ìwé ní òmìnira. Ákíbíṣọ́ọ̀bù Anthony Okogie àti àwọn mìíràn gbé ìjọba Èkó lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì jàre lọ́dún 1981. Orí òmìnira láti fi èrò àti ìmọ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tó wà nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1979, ni ìdájọ́ náà dúró lé. Ó dá ẹ̀tọ́ láti dá ilé-ìwé sílẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n kò dá ilé-ìwé tí ìjọba ti gbà tẹ́lẹ̀ padà. Ó di 2001 kí ìjọba Èkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá díẹ̀ nínú wọn padà fún ìjọ, owó tí àwọn òbí ń san níbẹ̀ sì ti tún jí ìbéèrè àwọn ọdún Jakande dìde.