Ilé wa ní Ovwian ti di ọkọ̀ ojú omi: ìtàn iná èbúté àti inverter

Orí iná ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí, ṣùgbọ́n orí omi ni mo ti fẹ́ mú un bọ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, ó ní ibi tó ń lọ.

Wáyà, bátìrì àti inverter ni èmi ń tà. Àwọn tó ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ máa ń wá bá mi. Wọ́n fẹ́ fìríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe fàájì. Ohun tí wọ́n ń sọ kì í yàtọ̀: "Ọ̀gá, ẹ fún wa ní inverter, a ó so ó mọ́ bátìrì. Tí a bá ti dé èbúté, a ó fa NEPA sí i." Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, àmọ́ ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gùn, ẹ̀mí èèyàn sì ti bá a lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ní 1838, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Moritz Jacobi fi bátìrì wa ọkọ̀ kékeré lórí odò Neva ní Rọ́ṣíà. Bátìrì ìgbà yẹn, tó bá tán, ó tán nìyẹn, kò ṣeé chájì. Ní 1859 ni Gaston Planté, ará Faransé, ṣe bátìrì olójé àti ásíìdì tó ṣeé chájì. Òun ni baba ńlá bátìrì inú mọ́tò yín àti ọ̀pọ̀ bátìrì inverter. Nígbà tó di 1880, ọkọ̀ ojú omi Columbia ní Amẹ́ríkà ti gbé gílóòbù Edison, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé lórí ilẹ̀ kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ní tiwa, kí ọdún 1900 tó dé, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ti tàn ní Èkó.

Iná bátìrì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń ṣàn gbà. Iná NEPA ní tirẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìgbà 60. Tí èèyàn bá fẹ́ sọ ti bátìrì di irú ti NEPA láyé àtijọ́, mọ́tò ńlá ni yóò fi máa yí jẹnẹrétọ̀. Ní 1925, David Prince, ẹnjiníà kan ní General Electric, kọ àpilẹ̀kọ kan tó pe àkọlé rẹ̀ ní The Inverter. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn tóbi. Nígbà tí transistor àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ dé ló wá kéré tó ohun tí èèyàn ń gbé sábẹ́ àga.

Báwo wá ni ọkọ̀ ṣe ń gba iná lórí ilẹ̀? Àwọn ọkọ̀ ńlá àtijọ́ ń jẹ èédú. Tí wọ́n bá dúró pẹ́ ní èbúté, tí wọ́n sì fa iná láti orí ilẹ̀, wọn a pa iná èédú, irin ẹ́ńjìnnì a sì tutù. Ìdí nìyẹn tí àwọn atukọ̀ òyìnbó fi ń pe iná èbúté ní cold ironing, ìyẹn ni pé irin ti tutù. Orúkọ tí àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ mọ̀ ọ́n sí ni shore power. Nítorí èéfín tó ń da àwọn ará ìlú láàmú, Gothenburg ní Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọkọ̀ ńlá ní iná alágbára láti orí ilẹ̀ ní 2000. Juneau ní Alaska tẹ̀ lé e ní 2001.

Ẹ ò tún rí nǹkan: nígbà mìíràn, ọkọ̀ ló ń fún ilẹ̀. Ní ìparí 1929, ọ̀dá mú kí omi ìdídò tó ń yí ẹ̀rọ iná ìlú Tacoma ní Amẹ́ríkà gbẹ. Ọkọ̀ ogun USS Lexington wá dúró sí èbúté wọn, ó sì fún ìlú náà níná fún bí oṣù kan. Nítòsí wa níbí, ní 2015, ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ iná láti Tọ́kì gúnlẹ̀ sí Tema ní Gánà, ó sì ń tú iná sórí wáyà orílẹ̀-èdè náà. Wáyà kan náà ni. Ẹni tó ń fún ẹnìkejì ló yàtọ̀. Ibi tí ewu ti ń wọlé gan-an nìyẹn, tí ẹni tó ń fi wáyà ṣiṣẹ́ kò bá mọ ìhà tí iná ti ń bọ̀.

Omi kò lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí, ṣùgbọ́n ẹ má fi iná sínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1999, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ọmọdékùnrin ọlọ́dún 8 kan ń wẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n so àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ mọ́. Ó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Kò rì, síbẹ̀ ó kú. Iná ló ń jò wọ omi láti inú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó fa iná èbúté: wáyà kan ti bó, wáyà earth tó yẹ kó gba iná tó jò padà sórí ilẹ̀ sì ti já. Nínú omi tí kò níyọ̀, ara èèyàn ń gbé iná ju omi fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà ara lòun ń gbà kọjá. Iṣan á le pátápátá, èèyàn ò ní lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́, ó lè má ráyè kígbe. Òkè odò Warri tiwa náà, omi tí kò níyọ̀ ni.

Irú ikú báyìí ló mú kí òfin wáyà ọkọ̀ le. Ẹ jẹ́ kí n ka mẹ́rin tí mo máa ń sọ fún oníbàárà kí n tó gbowó.

Àkọ́kọ́, àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Iná èbúté àti iná inverter kò gbọ́dọ̀ pàdé lórí wáyà kan láé. Changeover tó ń já ọ̀kan kó tó mú èkejì ni kó wà láàárín wọn.

Èkejì, neutral àti earth. Ibi tí iná ti ń bọ̀ nìkan la ti ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Tí ọkọ̀ bá ń jẹ iná èbúté, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti so wọ́n, a ò gbọ́dọ̀ tún so wọ́n nínú ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá já kúrò, tí inverter wá di orísun, òun ló gbọ́dọ̀ so wọ́n. Inverter tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ máa ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ti ilé lásán lè má ṣe é.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ tó ń wo iná tó jáde àti èyí tó padà. Tí ìyàtọ̀ bá tó mílíàmù 30, ó ń já iná lójú ẹsẹ̀. Fíùsì lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí iná tó ń pa èèyàn kéré gan-an sí èyí tó ń jó fíùsì.

Ẹ̀kẹrin, wáyà tó nípọn láàárín bátìrì àti inverter. Ẹrù 1,000 watt lórí 230 volt ń fa bí amp 4 péré. Lórí bátìrì 12 volt, ó ń fa ju amp 80 lọ. Ẹni tó bá fi wáyà gílóòbù ṣe é, iná ló ń dá sínú ọkọ̀ yẹn. Fíùsì náà, ẹ̀gbẹ́ bátìrì ni kó wà.

Ẹ lè wí pé, "Bàbá, a ò ní ọkọ̀, kí ló kàn wá?" Ó kàn yín o. Ẹ wo ìtàn tiwa níbí.

Ilé iṣẹ́ iná Ughelli, tí kò jìnnà sí wa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1966. Ní 1972, wọ́n da ECN àti àjọ tó ń bójú tó ìdídò odò Ọya pọ̀, wọ́n sọ wọ́n di NEPA. Ní January 1982, Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ilé iṣẹ́ irin Delta Steel ní Ovwian-Aladja. Ẹ̀lẹ́tíríìkì ni wọ́n fi ń yọ́ irin níbẹ̀. Irin yẹn ló fa ọ̀pọ̀ nínú wa, tàbí àwọn òbí wa, wá sílẹ̀ Urhobo tó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí irin dákẹ́, tí ìjọba tà á ní 2005, tí NEPA di PHCN lọ́dún kan náà, tí wọ́n sì fi iná lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ ní November 2013, ariwo "Up NEPA!" kò tíì di àtijọ́. Onílé ra jẹnẹrétọ̀, ayálégbé ra "I pass my neighbour", lónìí inverter àti sólà ló gbòde.

Ẹ wá wò ó: ilé tó ń gba iná láti ìta nígbà tó bá wà, tó ń gbé bátìrì tirẹ̀ nígbà tí kò bá sí, kí ló fi yàtọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi? NEPA ni iná èbúté wa. Tí wọ́n bá mú un lọ, ilé ti já kúrò létí bèbè nìyẹn.

Àmọ́ ohun tí òfin ọkọ̀ kọ̀, à ń ṣe é nílé. Ẹni kan á fi púlọ́ọ̀gì olórí méjì ti iná jẹnẹrétọ̀ bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Tí kò bá kọ́kọ́ já iná NEPA, iná yẹn á gba míítà jáde dé transformer, transformer á sì sọ ọ́ di 11,000 volt lórí wáyà ìgboro. Òṣìṣẹ́ iná tó wà lórí òpó rò pé kò síná. Ọmọ ẹnìkan ni o, ó sì lè jẹ́ ọmọ tiwa.

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ kó yẹ changeover yín wò, kó wo earth bóyá ó ṣì dé ilẹ̀, kó sì wo wáyà bátìrì. Púlọ́ọ̀gì olórí méjì, ẹ gé e dànù. Ẹ sọ fún ayálégbé yín náà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá irin wá sí Ovwian, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ rántí nípa iná àsìkò yẹn sísàlẹ̀ níbí, kí àwọn ọmọ wa lè kà á. Olúwa kò ní fi iná pa wá.