Ìgbì Tí Ọlọ́jà Ejìnrìn Yà Fún, Tí Ọmọ Tarkwa Bay Ń Gùn

Nígbà tí oṣù Kẹrin bá ti wọlé, ìgbì òkun Èkó a máa ga ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ, a sì máa rí bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án. Àsìkò yìí ni àwọn tí ń fi pákó gun ìgbì máa ń dá ọjọ́ ìrìn-àjò sí Tarkwa Bay, etíkun tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Àpápá. Erékùṣù ni àwọn ará Èkó ń pè é, nítorí pé kò sí ẹni tí í gba ojú títì débẹ̀; ọkọ̀ ojú omi nìkan ni í gbé ni lọ. Àwọn kan ń ti Lẹ́kì àti Ìkòyí wá, àwọn mìíràn ń ti òkè òkun wá. Wọn a bèèrè bí ìgbì ṣe ga tó, wọn a bèèrè iye tí ọlọ́kọ̀ ń gbà. Ohun tí wọn kì í sábà bèèrè ni ìdí tí ìgbì náà fi rí bí ó ti rí níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ní etí òkun rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní láti kọ́kọ́ padà sẹ́yìn sí etí ọ̀sà, sí ìlú bíi Ejìnrìn.

Ejìnrìn wà ní etí ọ̀sà, láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ìlú tí ó pa rọ́rọ́ ni lónìí, débi pé ẹni tí ń kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́ lè má yà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà rẹ̀ wà lára àwọn tí ó lókìkí jù lọ ní gbogbo etí ọ̀sà. Àwọn Ìjẹ̀bú ń ru epo pupa, èkùrọ́ àti oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ wá, àwọn ará Èkó ń gbé aṣọ, iyọ̀ àti ọtí gòkè wá, wọ́n a sì pàdé níbi tí ẹsẹ̀ ti pàdé àjẹ̀. Kì í ṣe èèṣì ni ó mú kí irú ọjà bẹ́ẹ̀ wà ní etí ọ̀sà, tí kò fi sí ní etí òkun. Ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan nà gbọọrọ láàrin òkun àti ọ̀sà, òun ni ó sì ń gba ìlù ìgbì fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́jà lè wọ ọkọ̀ ní apá Ẹ̀pẹ́, kí ó kọjá Èkó àti Àgbádárìgì, kí ó sì dé Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, láìfi ojú kan ìgbì òkun. Ìyẹn ni pé ọ̀nà omi pọ̀ fún àwọn baba wa, ṣùgbọ́n wọ́n yan èyí tí kì í da ọkọ̀ dé.

Omi jẹ́jẹ́ yìí kan náà ni wọ́n fi gbé ẹrú. Samuel Àjàyí Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé láti ọjà Ìkòsì ní etí ọ̀sà ni wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé òun lọ sí Èkó. Orúkọ Ìkòsì àti Ejìnrìn ṣì jọ so pọ̀ nínú orúkọ ìjọba ìdàgbàsókè agbègbè náà títí di òní. Ó jẹ́wọ́ pé omi náà bà òun lẹ́rù gidigidi, nítorí ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ ni òun. Ọ̀sà lásán sì ni ìyẹn. Kò tíì rí òkun. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀.

Láàrin ọ̀sà àti òkun, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ṣe pàtàkì ni ó wà ní Èkó, yanrìn sì dí i lábẹ́ omi. Yanrìn náà kì í dúró lójú kan: bí ó bá wà lápá ọ̀tún lónìí, ó lè ṣí sí òsì kí oṣù tó yí. Orí rẹ̀ ni ìgbì ti ń ya, tí ọkọ̀ ti ń dojú dé, tí ẹja ekurá sì ń dúró de ẹni tí ó bá bọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun wọn tí ó tóbi kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà yìí. Àwọn kéékèèké bíi Bloodhound àti Teazer ni ó wọlé, àwọn náà sì fìdí sọlẹ̀ nínú ọ̀sà.

Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí òun àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, wọ́n gbà kí ó máa fi Palma ṣe èbúté rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ òkun lè rò pé ẹ̀bùn ńlá ni. Etíkun gbalasa ni Palma, kò ní ibi ìsádi kankan. Inú ìgbì tí ń ya gan-an ni ọkọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ńlá tí ó dúró sí ojú agbami. Ohun tí ẹni tí ń gbádùn ara rẹ̀ fi pákó ṣe lónìí, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni fún àwọn atukọ̀ ìgbà náà, ẹ̀mí sì ń bá a lọ. Ní Wídà náà, nílẹ̀ Benin òde òní, àwọn òyìnbó a máa háyà àwọn atukọ̀ láti Gold Coast, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ bí a ti ń ka ìgbì, tí wọ́n mọ èyí tí ó yẹ kí a jẹ́ kí ó kọjá àti èyí tí ó yẹ kí a bá lọ.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi wọlé, ọ̀rọ̀ ẹnu òkun yìí ti di ìtìjú fún ìjọba amúnisìn. Ẹrù tí ń bọ̀ sí Èkó láti Ìlú Ọba ní láti kọ́kọ́ lọ sí Forcados ní agbègbè Delta, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e padà wá. Ní ọdún 1907, ìjọba mú ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Egerton wá láti máa gbẹ́ yanrìn ìsàlẹ̀ omi. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi òkúta wọ inú òkun, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn. Rélùwéè ni ó ń kó òkúta rẹ̀ láti Abẹ́òkúta wá. Òkúta ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ìgbì òkun Èkó ń lù títí di òní. Nígbà tí ó fi di ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọlé sí Èkó.

Rélùwéè tí ó ru òkúta náà ni ó ba ọjà Ejìnrìn jẹ́. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ẹrù ilẹ̀ òkè kò nílò láti gba ọ̀sà mọ́. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò náà wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìwọ̀nba ọjà tí ó kù dínkù sí i.

Odi òkúta méjì náà wá ṣe ohun kan tí kì í ṣe torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ní etíkun wa, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni omi ń ru yanrìn lọ, lọ́dọọdún, láìsinmi. Nígbà tí odi ìwọ̀-oòrùn dábùú ọ̀nà rẹ̀, yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sẹ́yìn odi náà, etíkun tí wọ́n ń pè ní Lighthouse Beach sì ń fẹ̀ sí i. Nínú odi, níbi tí agbára ìgbì ti rọ̀, Tarkwa Bay di etíkun jẹ́jẹ́ fún ìgbafẹ́. Ṣùgbọ́n ní òdìkejì, ní ìlà-oòrùn, yanrìn kò rí ọ̀nà dé mọ́, òkun sì ń jẹ ilẹ̀. Bar Beach, tí gbogbo Èkó mọ̀, ń dínkù láti ọdún dé ọdún, tí omi sì ń ya wọ ojú títì Victoria Island. Orí ibi tí òkun ti jẹ ni wọ́n ti ń kọ́ Eko Atlantic báyìí, pẹ̀lú odi mìíràn. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ apá kan ni a fi fún apá kejì. Àwọn tí ó sọ ilẹ̀ nù àti àwọn tí ó rí etíkun tuntun gbà kì í ṣe ènìyàn kan náà.

Ní ti gígun ìgbì fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n kó o wá. Fíìmù The Endless Summer tí Bruce Brown ṣe, tí ó jáde káàkiri ní ọdún 1966, ni ó fi èrò yìí múlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti California ni fíìmù náà tẹ̀ lé káàkiri ayé, wọ́n sì dé Senegal, Ghana àti Èkó, bí ẹni pé omi tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣeré rí ni wọ́n bá. Ìwé ìtàn sọ ohun mìíràn. Láàrin ọdún 1639 sí 1645, ọmọ Jámánì kan, Michael Hemmersam, rí àwọn ọmọdé pẹ̀lú pákó nínú òkun Gold Coast. Ó rò pé àwọn òbí wọn ń fi pákó kọ́ wọn ní odò wíwẹ̀ ni. Ní àwọn ọdún 1830, James Alexander, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n dúró de ìgbì, tí wọ́n sì bá a gun padà sí èbúté. Onímọ̀ ìtàn Kevin Dawson ti kó irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì fi hàn pé eré àwọn ọmọ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni láti ọjọ́ pípẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ ti àwọn ará Hawaii tí ayé ń yìn fún un. Ọmọ Ejìnrìn kò gùn ún nítorí pé ọ̀sà kò ní ìgbì tí ó tó gùn; kì í ṣe nítorí pé ènìyàn dúdú ń bẹ̀rù omi.

Ẹni tí ó bá wá fẹ́ ti Ejìnrìn lọ gun ìgbì lónìí yóò gba ọ̀nà tí ọlọ́jà àtijọ́ gbà, yóò sì tẹ̀ síwájú ju ibi tí ọlọ́jà náà dúró lọ. Yóò dé Ìkòròdú, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi dé Erékùṣù Èkó, yóò sì wọ òmíràn tí yóò gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ òkun gàgàrà. Kí ó má ṣe wọ ọkọ̀ kankan láìwọ aṣọ ìléfòó. Òwúrọ̀ ni ó dára jù, nítorí afẹ́fẹ́ òkun a máa dìde lọ́sàn-án, a sì máa da ojú ìgbì rú. Ìjì tí ń jà ní ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, lọ́nà jíjìn réré sí gúúsù, ni ó ń ran ìgbì ńlá sí wa láàrin oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹsàn-án. Ní ìgbà ọyẹ́, ìgbì kéré, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa dán, nítorí láti orí ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Ibi tí yóò ti gùn ún tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, nítorí ìgbì Tarkwa kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ó bá yí orí odi òkúta wọ inú ibi ìsádi ti sọ agbára nù, ó rọ̀, ó sì dára fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́. Èyí tí ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣìṣe lórí rẹ̀ yóò bá òkúta pàdé. Lẹ́yìn odi, ní Lighthouse Beach, kò sí ohun tí ó bu ìgbì kù: ó ń ga, ó ń ya lójijì sórí yanrìn, omi tí ń padà sí agbami sì lè gbé ẹni tí ó mọ odò wẹ̀ dáadáa lọ. Ẹni tí omi náà bá gbé kò gbọdọ̀ bá a jà. Kí ó wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀. Yanrìn ìsàlẹ̀ ń yí padà láti oṣù dé oṣù bí ó ti ń ṣe nígbà Kòsọ́kọ́, nítorí náà kò sí àwòrán tàbí ìwé tí ó tó bíbéèrè lọ́wọ́ ọmọ ibẹ̀.

Ọmọ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà ní Tarkwa Bay, tí ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ gun ìgbì lórí pákó lásán tàbí pákó àlòkù tí àlejò fi sílẹ̀, ni wọ́n di olùkọ́ fún àwọn tí ń bọ̀ láti ìlú ńlá. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọ àdúgbò náà, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé jáde. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn kan ń lu ọ̀pá epo tí ó gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn olùgbé ní àkókò tí wọ́n fún àwọn láti kó ẹrù kò tó nǹkan; wọ́n wó ilé wọn lulẹ̀, àwọn ọmọdé sì fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ìjọba lè bá ọ̀daràn wí láìwó ilé gbogbo àdúgbò. Èyí kò yẹ kí ó ṣòro lóye.

Gígun ìgbì kò parẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ ibi tí yanrìn ṣí sí lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n ń pàdé wọn létí omi. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àwọn atukọ̀ tí wọ́n ń háyà ní Wídà. Lórí ilẹ̀ tí odi òkúta Abẹ́òkúta kó jọ ni wọ́n dúró sí, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn tí ó sọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn.