Ìrù Tí Ó Di Orí: Ìtàn Ọ̀pá Tí A Fi Ń Tú Bọ́ọ̀lù Ká

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ àmì ohùn sílẹ̀ díẹ̀ lónìí, kí a lọ sí ìdí tábìlì aláṣọ àwọ̀ ewé. Sínúkà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń pe eré orí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púùlù gan-an ni wọ́n sábà máa ń gbá.

Orí koríko ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1470, Ọba Louis Kọkànlá ti ilẹ̀ Faransé ti ní tábìlì tirẹ̀ nínú ilé. Ọ̀pá ìgbà náà tóbi lórí, títì ni wọ́n sì fi ń ti bọ́ọ̀lù, wọn kì í fi gún un. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá lẹ̀ mọ́ etí tábìlì, orí ńlá náà kì í ráyè. Wọ́n á wá yí ọ̀pá padà, wọ́n á fi ìdí rẹ̀ tí ó tínínrín gbá a. Ìdí yìí ni àwọn Faransé ń pè ní queue, èyí tí í ṣe ìrù. Láti inú rẹ̀ ni cue ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ti jáde. Queue yìí kan náà ni orúkọ ìlà tí à ń tò sí ní báńkì! Nígbà tí ó yá, wọ́n pa orí ńlá náà tì, ìrù sì gba ipò rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni awọ dé ṣóńṣó ọ̀pá. Ọ̀gágun Mingaud, ọmọ Faransé tí ó tẹ ìwé lórí eré náà jáde ní ọdún 1827, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ mọ́ ọn. Awọ kì í yọ̀ lára bọ́ọ̀lù, ìdí nìyí tí a fi lè mú bọ́ọ̀lù yí bí a ti fẹ́.

Àmọ́ ohun tí ó dára fún yíyí kò fi bẹ́ẹ̀ dára fún títúká. Nígbà tí bọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kó jọ, agbára ni à ń wá; awọ rírọ̀ a máa gbé díẹ̀ mì nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ a sì máa pẹlẹbẹ. Nítorí náà ni àwọn ògbóǹtarìgì ṣe ń ya ọ̀pá kan sọ́tọ̀ fún gbígbá àkọ́kọ́. Ṣóńṣó líle ni ọ̀pọ̀ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ní, a sì máa ń fi ohun tí ó bá Bakelite tan ṣe é, èyí tí Leo Baekeland ṣe ní ọdún 1907. Ẹbí ohun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù òde òní, àwọn tí ó jẹ́ pé eyín erin ni wọ́n fi ń gbẹ́ wọn látijọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀pá tí ó bá wúwo jù ni ó dára jù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ̀n ọ̀pá bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ náà yóò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ìyára ni ó bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára yóò dà. Ọ̀pá tí apá ẹni lè jù síwájú kíákíá láìṣì í gbá ni kí ènìyàn yàn. Láàrin gíráàmù 510 sí 595 ni ọ̀pọ̀ wà. Òfin àgbáyé kò gbà kí ó ju nǹkan bí 709 lọ.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká ọ̀pá méjì, kí ó fi ọ̀pá ilé eré tú bọ́ọ̀lù ká, kí ó sì fi tirẹ̀ gbá ìyókù.