Ilé-Ẹ̀kọ́ Ológun NDA ní Kàdúná: Ìlànà Gbígbà àti Kíkọ́ Àwọn Kádẹ́ẹ̀tì

Kàdúná ni ilé-ẹ̀kọ́ ológun tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí NDA wà. Ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti ń sọ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní gírámà di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, ìbáà jẹ́ ti orí ilẹ̀, ti ojú omi tàbí ti òfuurufú. Oṣù kejì ọdún 1964 ló bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ: oṣù kẹrin ọdún 1960, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, ni wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀. Kádẹ́ẹ̀tì 62 ló kọ́kọ́ wọ NDA, àwọn ọ̀gá ológun láti Íńdíà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́ wọn. Ó di ọdún 1978 kí iṣẹ́ ìkọ́ni ibẹ̀ tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà pátápátá. Nínú gbogbo òfin tó ń darí ilé náà, èyí tó ń fa awuyewuye jù ni ti ẹnu ọ̀nà: ta ló yẹ kó wọlé, kí la ó sì fi mọ̀ ọ́n? Ohun tí àyọkà yìí dúró lé ni pé pínpín àyè fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà bójú mu, bí òṣùwọ̀n inú ilé bá ti jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ọmọ tó wọlé. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú méjèèjì, ìrẹ́jẹ ló kù.

Ọ̀nà tí ọmọ ń gbà dé ibẹ̀ kò kúrú. Ọmọ Nàìjíríà ni yóò jẹ́, tí kò tíì ṣègbéyàwó, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò dín ní 17, tí kò sì ju 21 lọ. Yóò yege dáadáa nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, yóò ṣe JAMB, NDA ni yóò sì fi ṣe ilé-ẹ̀kọ́ tó yàn ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà á ṣe ìdánwò tirẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá yege ni wọ́n ń pè wá sí Kàdúná níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan kádẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní AFSB. Dókítà á yẹ ojú, etí, àyà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n á mú un sáré. Àwọn àgbà ológun á sì fi ìbéèrè wá ọkàn rẹ̀ rí. Gíga pàápàá ní ìwọ̀n. Ọmọ á bọ́ bàtà, á fi gìgísẹ̀ kan ògiri, wọ́n á gbé igi ìwọ̀n lé e látàrí. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.68, obìnrin tó mítà 1.65. Lójú òfin, ọkùnrin tó bá jẹ́ 1.67 kò wọlé, bí baba rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gágun, nítorí igi ìwọ̀n kò mọ orúkọ baba ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé kan wà nínú fáìlì ọmọ yìí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ibi tí baba rẹ̀ ti wá: ìwé tó ń fi ìpínlẹ̀ rẹ̀ hàn, tí ó gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí, bíi alága ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ọ̀gá ológun tí ipò rẹ̀ ga. Ìwé yẹn ni wọ́n fi ń to àwọn tó yege sábẹ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi ń mú tibí, tí wọ́n ń mú tọ̀hún.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ló fàṣẹ sí i. Abala 217 níbẹ̀ sọ pé àtọ̀gá àtọmọ-abẹ́ nínú iṣẹ́ ológun gbọ́dọ̀ fi hàn pé gbogbo ẹ̀yà àti ẹkùn ló ni orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà tipẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ síwèé. Kí òmìnira tó dé, ilẹ̀ òkèèrè ni ẹni tó bá máa di ọ̀gá ológun ń lọ: Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba Teshie ní Gánà kọjá sí ilé-ẹ̀kọ́ Mons ní Aldershot, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1958 sí 1959. Ìwé kíkà ló ń gbé ènìyàn dé irú ibẹ̀, ilé ìwé kò sì pọ̀ dọ́gba ní gbogbo ẹkùn. Nítorí náà, nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, ọmọ Ìlà-Oòrùn ló pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun, nígbà tí ọmọ Àríwá kún ààrin àwọn sójà lásán. Ìgbà tí Muhammadu Ribadu jẹ́ mínísítà ètò ààbò, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ bárékè tí NDA kọ́kọ́ wà, ni ìjọba gbé ìlànà ìpín kalẹ̀: ìdajì fún Àríwá, ìdá kan nínú mẹ́rin fún Ìlà-Oòrùn, ìdá kan nínú mẹ́rin fún Ìwọ̀-Oòrùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Òru ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, Chukwuma Kaduna Nzeogwu, tó jẹ́ olórí olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun ní Kàdúná, ló ṣáájú ìdìtẹ̀gbàjọba ní ìlú náà. Lára àwọn tí wọ́n pa ni Ralph Shodeinde, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ igbákejì olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ àti ọ̀gá wọn nínú ilé kan náà! Wọ́n pa àwọn aṣáájú Àríwá pẹ̀lú, oṣù méje kò sì pé tí àwọn sójà Àríwá fi gbẹ̀san, tí wọ́n pa Ironsi, olórí ìjọba ológun, àti Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n wá ní kí sójà kọ̀ọ̀kan padà sí ẹkùn tí wọ́n bí i, ọmọ Yorùbá tó wà nínú iṣẹ́ náà kò tó láti dí àyè tó ṣófo ní Ìwọ̀-Oòrùn. Sójà Àríwá ló ṣì ń ṣọ́ Ìbàdàn, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ń ké pé kí wọ́n kó wọn kúrò. Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣebí ìlànà ìpín ti wà kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, kí ló wá rí dá dúró? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò ọdún. Àwọn ọ̀gá onípò méjọ̀ tó dìtẹ̀ náà ti wọṣẹ́ kí ìpín tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ìpín mú wọlé ṣì jẹ́ ọmọdé nínú iṣẹ́ nígbà náà. Ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ológun dà bí oko kòkó: ẹni tó gbìn ín lónìí kò ní ká a lọ́dún tó ń bọ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹ̀tọ́. Wọ́n ní kò yẹ kí ọmọ tó gba àmì tó pọ̀ padà sílé nítorí pé ìpínlẹ̀ rẹ̀ kún fún olóye, kí ẹni tó gba àmì tó kéré sì wọlé nítorí ibi tí wọ́n bí i sí. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, àwa Yorùbá sì ní ìdí láti fara mọ́ ọn. Samuel Johnson, nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ̀rọ̀ nípa àwọn Ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àádọ́rin akọni tí Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò jẹ́ olórí wọn. Oyè wọn kì í ṣe oyè ìdílé tí ọmọ ń jogún bẹ́ẹ̀ ṣáá. Akin tí ojú ogun ti dán wò ló tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àkàwé náà dáadáa. Ẹ̀ṣọ́ ti jagun kó tó jẹ oyè. Ọmọ ọdún 17 kò tíì jagun kankan. Ohun tí ìdánwò rẹ̀ lè sọ fún wa ni irú ilé ìwé tó lọ, bóyá ilé náà ní olùkọ́ ìṣirò, bóyá iná wà lálẹ́ tó fi kàwé. Ọmọ tó kàwé ní Ìkẹjà àti èyí tó kàwé ní abúlé kan létí aṣálẹ̀ Yobe kò jọ sáré láti ìlà kan náà. Ẹ̀tọ́ irú ti Ẹ̀ṣọ́ kò sí lẹ́nu ọ̀nà láti wọ̀n. Inú ilé, láàárín ọdún márùn-ún, ló ti ń hàn. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ni ká pín, ẹnu àbájáde ni ká ti wọ̀n.

Kì í sì í ṣe Nàìjíríà ló kọ́kọ́ ronú báyìí. Ilé-ẹ̀kọ́ ológun West Point ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1802, ń gba ọ̀pọ̀ jù nínú kádẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin tó ń fa ọmọ àdúgbò wọn kalẹ̀. Láti 1843 ni òfin ti so àyè ibẹ̀ mọ́ ẹkùn ìdìbò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ohun tó burú ju ìpín lọ hàn wá. Títí di 1871, owó ni wọ́n fi ń ra ipò ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Àmọ́ wọn kò ta ipò nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń yin àgbá àti àwọn ẹnjiníà. Ìyẹn gbọ́dọ̀ gba ilé-ẹ̀kọ́ Woolwich kọjá, nítorí ẹni tí kò mọ ìṣirò yóò ju ọta sórí àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ìjọba tó gbà kí olówó ra ipò mọ ibi tó yẹ kí owó dá ẹsẹ̀ dúró.

Bí kádẹ́ẹ̀tì bá ti wọ NDA, ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe é ní oore tàbí ibi mọ́. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà, mẹ́rin fún ìwé, ọ̀kan fún iṣẹ́ ológun gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páréèdì, eré sísá àti ìbọn kò yọ ọdún kankan sílẹ̀. Ọmọ Èkìtì á bá ọmọ Sókótó àti ọmọ Bàyélsà jí sábẹ́ òrùlé kan, wọ́n á jọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí aṣọ rẹ̀ má ṣe wú níbì kan, wọ́n á jọ fọ bàtà dán. Bí ẹnìkan bá sì ṣẹ̀, gbogbo wọn ló lè jìyà. Ní ọjọ́ ìjáde, ẹni tó bá ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ló ń gba idà ọlá, kò sì sí ìpín nínú idà. Ìtàn Henry Ossian Flipper fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn lásán. Òun ni ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní West Point, ní 1877, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin gbáko ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi pa á tì, tí wọn kò bá a ṣe. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ ológun lé e kúrò níṣẹ́, ó sì di 1999 kí ààrẹ Amẹ́ríkà tó dárí jì í, nígbà tó ti kú tipẹ́.

Àwọn kan ní ọdún márùn-ún pọ̀ jù, pé kí ni sójà fẹ́ fi físíìsì ṣe? Wọ́n á tọ́ka sí Sandhurst, ilé-ẹ̀kọ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 44. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ń wọ Sandhurst ti gboyè yunifásítì kí wọ́n tó dé ibẹ̀. NDA ló ń fún kádẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ní oyè náà láti 1985. Ogun ayé òde òní kò yàtọ̀ sí ti àgbá Woolwich: ẹni tó ń darí dróònù tàbí tó ń tú iṣẹ́ rédíò ọ̀tá kò lè jẹ́ púrúǹtù. Àwọn míì tún ní ìbáṣepọ̀ ọlọ́dún márùn-ún yìí ló ń bí ìmùlẹ̀ àwọn tó ń gbàjọba, wọ́n á ka 1975, 1983 àti 1985 lé ara wọn. Mi ò ní sẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ tó jọ jìyà lè jọ dìtẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹgbẹ́ náà bá ti wá láti ìpínlẹ̀ gbogbo, yóò ṣòro fún un láti di ọmọ-ogun ẹ̀yà kan tó kọjú ìbọn sí ẹ̀yà kejì, èyí sì ni ẹ̀rù 1966. Ọ̀tá tó yẹ kí wọ́n jọ kọjú ìbọn sí sì ti dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an: ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ àgbàlá rẹ̀ ní Afaka, wọ́n pa ọ̀gá ológun méjì, wọ́n sì gbé ẹnìkan lọ.

Ti obìnrin pẹ́ kó tó dé. Ọ̀nà míì ni wọ́n ń gbà wọṣẹ́ tẹ́lẹ̀, bíi dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹjọ́rò, títí di 2011, nígbà ìjọba Goodluck Jonathan, tí wọ́n gba 20 wọlé láti kọ́ iṣẹ́ ogun bíi ti ọkùnrin, ọdún 35 lẹ́yìn tí West Point ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ fún ìpínlẹ̀ yẹ fún wọn náà: kí ilẹ̀kùn ṣí, kí wọ́n jọ jókòó ṣe ìdánwò kan náà nínú kíláàsì, kí wọ́n sì jọ dúró lórí páréèdì kan náà.

Ibi tí gbogbo ètò yìí ti lè jò ni ìwé ìpínlẹ̀ yẹn. Bí ọmọ tó ti ìpínlẹ̀ tí èrò pọ̀ sí bá gba ìwé ẹ̀rí ìpínlẹ̀ tí èrò kò pọ̀ sí, tàbí tí ẹni ńlá kan bá fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, kì í ṣe ìjọba ni ó rẹ́ jẹ. Ọmọ kan pàtó ni, tó sáré, tó bọ́ bàtà, tó fi gìgísẹ̀ kan ògiri, tí igi ìwọ̀n sì gbà wọlé. Orúkọ àwọn tó yege máa ń jáde pẹ̀lú ìpínlẹ̀ wọn. Ó yẹ kí àmì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, àti àmì tó kéré jù tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ fi wọlé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, kí baba tó wà ní Ìsẹ́yìn àti èyí tó wà ní Gashua lè jọ kà á lórí fóònù wọn ní ọjọ́ kan náà.