Oúnjẹ Ọ̀sán Nínú Ọgbà Àjàrà Ọ́stríà

Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé ní Ọ́stríà, tí ìkórè àjàrà bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ìlú ńlá a máa lọ sí ìgbèríko lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀. Buschenschank ni wọ́n ń pe irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀; ní Vienna, Heuriger ló wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹni tó gbin àjàrà ló ń fún wáìnì, òun náà ló sì ń bù ú fún àlejò.

Àṣà yìí ti wà tipẹ́, àmọ́ àṣẹ ọba kan ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ní Gorizia, tó wà lábẹ́ ìdílé ọba Habsburg ti Ọ́stríà nígbà náà, ìtàn sọ pé ìjòyè kan fi dandan lé e pé wáìnì tòun nìkan ni kí àwọn ilé ọtí máa tà. Àwọn àgbẹ̀ gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú Ọba Joseph Kejì. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1784, ọba pàṣẹ pé kí oníkálukú máa ta oúnjẹ, wáìnì àti omi èso tó bá ti oko rẹ̀ jáde, nígbàkígbà tó bá fẹ́, ní iye tó bá wù ú.

Ìbùkún ńlá ni àṣẹ yìí fún tálákà. Ó ní ààlà tirẹ̀ o: ohun tí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ló gbà láyè. Ààlà yìí gan-an ló jẹ́ kí oúnjẹ ibẹ̀ máa bá àsìkò rìn. Bí wáìnì bá ti wà, àgbẹ̀ á fi ẹ̀ka igi tútù kọ́ ẹnu ọ̀nà. Bó bá tán, á yọ ọ́, á sì ti ilẹ̀kùn. Lágbègbè Trieste àti ní Sloféníà, irú ilé bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ osmica, nítorí ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n ń fún àgbẹ̀ láti tajà nígbà kan.

Ní Steiermark, ní gúúsù, oúnjẹ tútù ni wọ́n ń gbé kalẹ̀: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan, wàràkàṣì, búrẹ́dì, àti òróró dúdú tí wọ́n ń fún láti inú kóró elégédé. Ìgbà ìwọ́wé ló ń mú Sturm wá, ìyẹn omi àjàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di wáìnì. Bí ẹmu àárọ̀ ló ṣe máa ń hó, tó sì ń dùn, kò sì ṣeé dé pa sínú ìgò, torí ìgò náà lè bẹ́. Èso chestnut tí wọ́n yan lórí iná ni wọ́n fi ń mu ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti di wáìnì, Sturm di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ní Vienna, ọ̀pọ̀ Heuriger ti gba ìwé àṣẹ ilé oúnjẹ, wọ́n sì ń se oúnjẹ gbígbóná. Lọ́dún 2019, wọ́n kọ àṣà Heuriger ìlú náà mọ́ àwọn ogún ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Ọ́stríà.