Ọmọ Tí A Gbà Lọ́wọ́ Èkùrọ́

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọ́mọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Orí agbára àti ìforítì la sábà máa ń pa òwe yìí sí, pé ohun tó le ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó ti òkúta pa èkùrọ́ rí mọ̀ pé ó kù síbẹ̀. Òkúta tó fọ́ èèpo náà máa ń kan ọmọ inú rẹ̀. Ọmọ á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú òkúta á wà lára rẹ̀. Ìhà yìí ni ó yẹ kí a ti máa wo àwọn ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ.

Wọ́n ń bọ́ o. Jẹjẹrẹ tí dókítà Denis Burkitt kọ̀wé lé lórí ní Uganda lọ́dún 1958, tó máa ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wú, tí àwọn dókítà Ìbàdàn náà ti bá jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn tó ń gbọ́ oògùn. Ní ilẹ̀ àwọn olówó, ó lé ní 80 nínú 100 ọmọ tí jẹjẹrẹ ń ṣe tó ń yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ lọ́dún 2018 pé kó tó 60, ó kéré tán, káàkiri ayé kí ọdún 2030 tó parí.

Òkúta tí a fi gbà wọ́n wá ńkọ́? Doxorubicin, oògùn pupa tí wọ́n ń fà sí ọmọ lára, lè sọ ọkàn rẹ̀ di aláìlágbára lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, lè ba etí jẹ́. Ìtànṣán tí wọ́n bá tàn sí orí lè mú kí ọmọ tó já fáfá máa falẹ̀ nídìí ìwé. Ọmọ tí wọ́n yọ kíndìnrín kan fún nítorí jẹjẹrẹ kò gbọ́dọ̀ máa lo oògùn ara ríro tàbí àgbo bó ṣe wù ú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni èyí ń bá, àyẹ̀wò ló sì ń fi ẹni tó kàn hàn.

Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tí kẹ́mò, ìtọ́jú olóògùn yìí, bá parí, a ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kí a ṣe sàráà, àlejò á túká. Gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Àbúrò tí wọ́n gbé sọ́dọ̀ ìyá àgbà ṣì rò pé wọ́n ti gbàgbé òun. Bí ara ọmọ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóru, oorun ìyá ti dá nìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bíbò tí a ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, nítorí kí wọ́n má baà kọ ọmọ nígbà ìgbéyàwó. Ọmọbìnrin dàgbà, kò mọ orúkọ àìsàn tó ṣe é. Ó lóyún, dókítà béèrè ohun tó ti ṣe é rí, ó ní ibà ni. Dókítà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ gba ìwé tó sọ orúkọ jẹjẹrẹ náà, oògùn tí wọ́n lò àti bó ṣe pọ̀ tó, ibi tí ìtànṣán kàn, àti àyẹ̀wò tó kù níwájú. Ẹ fi lé ọmọ lọ́wọ́ nígbà tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́, jẹjẹrẹ kì í ràn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ya ọmọ náà sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ẹbí, bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá kò, ẹ bá wọn san owó ọkọ̀, kí ẹnì kan sì tẹ̀ lé ìyá náà lọ.