Ẹ̀rọ Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Ará Ẹ̀yìn Odi: Ìtàn Títẹ̀lé Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù láti Òkèèrè ní Ìlú Jọ́ọ̀sì

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ fún ará ẹ̀yìn odi ní àǹfààní láti máa tẹ̀lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ń wo orí fóònù láti mọ bí Shooting Stars ti Ìbàdàn ṣe ṣe. Èrò tiwa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìtàn náà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn odi tí Yorùbá ń wí kì í ṣe òkè òkun nìkan. Ẹni tí ó bá ti jáde kọjá odi ìlú rẹ̀ láti lọ wá oúnjẹ òòjọ́ ti di ará ẹ̀yìn odi. Nítorí náà, ìlú Jọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ Plateau ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé irinṣẹ́ tí olólùfẹ́ eré fi ń gbọ́ ìròyìn ni ó ń pinnu ẹni tí yóò fún ní èsì. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá ń pe rédíò: ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. A ó rí i pé àìgbèsì yìí gan-an ni ó so àwọn olólùfẹ́ eré pọ̀ ní Jọ́ọ̀sì.

Bí Yorùbá ṣe dé Jọ́ọ̀sì

Ilẹ̀ àwọn Berom, Afizere àti Anaguta ni Jọ́ọ̀sì wà. Kùsà ni ó sọ ọ́ di ìlú ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó jọ pé láti inú ọ̀rọ̀ Haúsá náà, kuza, tí àwọn Haúsá ń pe irin funfun tí wọ́n ń wà níbẹ̀, ni kùsà ti wọ inú èdè wa, tí a fi ń pe iṣẹ́ náà ní ìwakùsà. Ní ọdún 1914, ojú irin kékeré tí ó wá láti Zaria ti dé agbègbè náà. Ọ̀nà yìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ oníṣòwò, akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ wá láti gúúsù. Nínú àwọn Yorùbá tí ó wá, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin kò kéré. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n bímọ, wọ́n sì gbọ́ Haúsá bí ẹni pé ibẹ̀ ni a bí wọn sí. Síbẹ̀, ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ìròyìn ilé kò sì sú ará ẹ̀yìn odi rí.

Ìgbà asọ̀rọ̀mágbèsì

Ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà pín ohùn rédíò láti ilé dé ilé ní Èkó. Ní ọdún 1951, wọ́n dá ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì Nàìjíríà sílẹ̀. Ìjọba ìhà Àríwá dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1962. Nígbà tí rédíò kékeré tí ń lo bátìrì wá di ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi owó rẹ̀ rà, ẹni tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì lè gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá ní Ìbàdàn ní ìṣẹ́jú tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ọdún 1972 ni líìgì gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀. Mighty Jets ti Jọ́ọ̀sì ni ó sì kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ rẹ̀. Báyìí ni ọmọ Yorùbá Jọ́ọ̀sì ṣe ní ẹgbẹ́ méjì. Ó ń fi ojú wo ọ̀kan lórí pápá ìlú tí ó ń gbé. Ó ń fi etí tẹ̀lé èkejì, ti ìlú tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ọ̀kan kò pa èkejì lára.

Ẹgbẹ́ tí etí tẹ̀lé jù lọ ni Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IICC nígbà náà. Ní ọdún 1976, ẹgbẹ́ yìí fi góòlù 4 sí 1 na Tonnerre ti Yaoundé ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Kamẹrúùnù náà fi góòlù kan ṣoṣo borí nígbà tí wọ́n padà pàdé ní Yaoundé, ṣùgbọ́n kò tó. Bí IICC ṣe gba ife ẹ̀yẹ àwọn tí ó gba ife ní orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà nìyẹn. Òun ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife kọ́ńtínẹ́ǹtì yìí wá sí ilé. Ní ọdún 1977, IICC àti Rangers ti Enugu pàdé nínú ìdíje kan náà, ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Wọ́n ta ọ̀mì ní Èkó. Wọ́n tún ta ọ̀mì ní Kàdúná, kí Rangers tó fi pẹnáritì borí.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí ní àdúgbò Jọ́ọ̀sì tí Yorùbá àti Ígbò ti jọ ń gbé. Ogun abẹ́lé ti parí ní ọdún 1970, ọdún náà ni a sì dá Rangers sílẹ̀. Bí rédíò bá ti kéde àbájáde, ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kò lè bá rédíò jà. Kò sì sí ọ̀nà tí ó fi lè bá ará Enugu tàbí ará Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Aládùúgbò rẹ̀ nìkan ni ó kù tí ó lè fún ní èsì. Ó gbọ́dọ̀ jáde síta, kí ó bá a jiyàn, kí ó gba ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀ náà mọ́ra, kí wọ́n sì tún jọ lọ sí ọjà ní ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ògbóǹtarìgì bí Ishola Folorunso àti Ernest Okonkwo fi ń ròyìn eré. Okonkwo ni ó mú kí orúkọ ìnagijẹ Segun Odegbami, Mathematical, wọ gbogbo ènìyàn létí. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní agbo ilé ni yóò tún un sọ ní Yorùbá fún ìyá àti bàbá tí kò gbọ́ ọ. Kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tí yóò yẹ̀ wò. Ohun tí ó bá wà ní ẹnu ni yóò lò. Ẹni tí ó bá ṣàkíyèsí yóò rí i pé inú ayò ni ọ̀mì ti wá: ohun tí ọ̀ta méjì ń ta ní ìdí ọpọ́n ni a fi ń pe eré tí ẹnikẹ́ni kò borí lórí pápá. Aṣọ́lé, agbábọ́ọ̀lù àti ‘ó ti wọ àwọ̀n’ kò ṣe àjèjì sí etí ẹnikẹ́ni lónìí. Irú iṣẹ́ ìtumọ̀ àfẹnuṣe yìí wà lára ohun tí ó gbìn wọ́n sí èdè.

Ìgbà ilé ìwòran

Tẹlifíṣọ̀n alátagbà láti ojú ọ̀run yí nǹkan padà. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 síwájú, eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì di ohun tí a ń sanwó díẹ̀ wọlé lọ wò. Jọ́ọ̀sì ní ìdí tirẹ̀ láti fẹ́ràn wọn: John Obi Mikel, tí ó dàgbà sí ìlú náà tí ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Plateau United, wọ Chelsea ní ọdún 2006, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ náà nígbà tí ó gba ife Champions League ní ọdún 2012. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ tí ó wà ní òkèèrè kì í ṣe ti ìlú bàbá ẹni mọ́. Àwọn tí wọn kò dé Lọ́ńdọ̀nù rí ń pe Chelsea ní ‘àwa’. Mighty Jets sì ti já bọ́ kúrò nínú líìgì gíga.

Àǹfààní kan ṣì kù síbẹ̀: ilé ìwòran kó ènìyàn jọ. Jọ́ọ̀sì tí rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ti pín sí àdúgbò Mùsùlùmí àti àdúgbò Kristẹni nílò irú ibi bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ewu wá bá wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2014, àdó olóró méjì pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ ní agbègbè ọjà Terminus. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, bí Real Madrid àti Atlético Madrid ṣe ń gbá àṣekágbá ní Lisbon, ẹnì kan tí ó di àdó olóró mọ́ra ń lọ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wo eré náà ní Jọ́ọ̀sì. Àdó náà bú kí ó tó wọlé. Ó pa òun àti àwọn mìíràn. Ó yé ni bí òbí bá sọ fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn èyí pé kí ó jókòó sílé.

Ìgbà íntánẹ́ẹ̀tì

Fóònù alágbèéká GSM ti wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001; nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wọ inú fóònù, ẹni tí ó jókòó sílé lè wo ohun gbogbo. Ọmọ Jọ́ọ̀sì tí ó ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà wá ń ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà ṣe ní Jọ́ọ̀sì: ó ń fi ojú wo ẹgbẹ́ ibi tí ó ń gbé, ó sì ń wá ìròyìn ti ilé. Ní ọdún 2017 tí Plateau United gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí Kennedy Boboye jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, ìròyìn náà kò pẹ́ kí ó tó dé ibikíbi.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé irinṣẹ́ tuntun yìí ń gba èsì. Olólùfẹ́ Chelsea ní Jọ́ọ̀sì lè dá ará Lọ́ńdọ̀nù lóhùn lójú ẹsẹ̀. Kò pọn dandan kí ó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì sábà máa fi fèsì, nítorí òun ni àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ gbọ́. A kò sọ pé èdè ti kú. Láti ọdún 2018 ni BBC ti ń kọ ìròyìn ní Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a sì ń rí ìròyìn bọ́ọ̀lù kà níbẹ̀ ní èdè wa. Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn tí a ń san owó fún ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ yẹn nísinsìnyí. Agbo ilé ti fi í sílẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé títẹ̀lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti òkèèrè kì í ṣe àṣà tuntun láàrin Yorùbá, àti pé ìlú Jọ́ọ̀sì ti mọ̀ ọ́n kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí èsì ń lọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì dá èsì padà sí àdúgbò. Íntánẹ́ẹ̀tì gbé e lọ sí òkèèrè. Èrè wà nínú èyí fún ẹni tí ó wà ní àjò nìkan, tí kò ní ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Àdánù ni ó jẹ́ fún ìlú tí ìjà ti pín, tí iyàn bọ́ọ̀lù sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba iyàn tí aládùúgbò lè jà kí wọ́n tó jọ lọ jẹun.

Àwọn tí ó tún eré ọdún 1976 àti 1977 sọ ní Yorùbá fún àwọn ará ilé wọn ní Jọ́ọ̀sì ti di àgbà báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, kí ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá wọn ní kíákíá. Kí ó béèrè ohun tí rédíò sọ, kí ó sì béèrè èsì tí wọ́n fún aládùúgbò wọn.